Lẹ́tà Sáà Kẹta sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́: Ẹ Má Fi Ìgbẹ́ Gbuuru Pamọ́ fún Wa

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ojú òjò o. Ẹ kú ìnáwó ọmọ, ẹ sì kú ìfaradà ọjà tó gbówó lórí. Sáà kẹta ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ ti wọlé, a sì dúpẹ́ pé gbogbo wọn padà wá bá wa.

Lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ sáà tí ẹ máa ń gbà lọ́dọ̀ mi kì í pọ̀: owó ilé-ìwé, ọjọ́ ìsinmi, aṣọ eré ìdárayá, ó parí. Ti ọ̀tẹ̀ yìí gùn, nítorí ọ̀rọ̀ onígbáméjì ló wà nínú rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ kà á, kí ẹ sì kà á sétí ìyá àgbà tàbí ẹnikẹ́ni tó ń bá yín mójú tó àwọn ọmọ nílé.

Ní ọ̀sẹ̀ tẹ́ẹ̀sì sáà kejì, ọmọkùnrin kan ní JSS2 ṣubú lórí ìlà láàárọ̀, a ò tíì kọ orin orílẹ̀-èdè tán. Àwọn òbí rẹ̀ ti fún mi láyè kí n sọ ọ́, mi ò sì ní dárúkọ rẹ̀. A gbé e wọ yàrá ìtọ́jú. Nọ́ọ̀sì wa fi ìka méjì fa awọ ikùn rẹ̀ sókè, ó sì fi í sílẹ̀. Lára ọmọ tí ara rẹ̀ dá, wéré ni awọ máa ń padà sáyè rẹ̀. Ti ọmọ yìí dúró ṣonṣo bí aṣọ tí a ká jọ, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó rọra wálẹ̀. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Ìka ọwọ́ rẹ̀ hunjọ bí ti ẹni tó ti ń fọṣọ láti àárọ̀. Ó ń sunkún, omijé ò jáde. Nígbà tí inú tún yí i, ohun tó jáde lára rẹ̀ kì í ṣe ìgbẹ́ mọ́: omi ni, ó funfun bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì.

Aago méjì òru ló ti bẹ̀rẹ̀ nílé. Ìyá rẹ̀ mọ̀. Ó ra oògùn aláwọ̀ méjì ní kẹ́míìsì fún un, ó ní kó má mu omi kí inú lè gbẹ, ó sì ní kó ṣe ọkàn akin títí yóò fi kọ tẹ́ẹ̀sì ìṣirò tán. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tí kò fi jẹ́ kó jókòó sílé, ó wò mí lójú, ó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ọmọ tí kò bá wá, òdo ni."

Òtítọ́ ni. Èmi ni mo ṣe òfin yẹn. Mo ṣe é nítorí àwọn ọmọ tó ń sá tẹ́ẹ̀sì, mi ò rò ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ tó ń ṣàìsàn. Láti òní lọ, mo ti fagi lé e. Ọmọ tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru tàbí tó ń bì, ilé ni kó wà títí wákàtí 48 yóò fi kọjá lẹ́yìn ìgbẹ́ gbuuru ìkẹyìn. Tẹ́ẹ̀sì tó bá pàdánù, a ó ṣètò òmíràn fún un. Kò sí ẹni tí yóò bu máàkì rẹ̀, ẹ kò sì ní san kọ́bọ̀.

Ọmọ náà yè é. Tíṣà kan fi ọkọ̀ gbé e lọ sílé ìwòsàn ìjọba, nọ́ọ̀sì wa sì ń fi ṣíbí bu omi ORS, ìyẹn omi oníyọ̀ àti ṣúgà tó ń dá omi ara padà, sí i lẹ́nu títí wọ́n fi débẹ̀. Wọ́n fa omi sí i lára. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó tọ̀, inú dókítà sì dùn sí ìtọ̀ yẹn ju ohunkóhun lọ. Ọjọ́ kẹrin ló padà sílé. Wọ́n ti mú díẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò, ibẹ̀ ni wọ́n ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ méjì pé onígbáméjì ni. Ẹ kíyè sí i pé wọn ò dúró de èsì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ìwọ̀n omi tó ti tán lára ọmọ ni dókítà ń wò láti mọ ohun tí yóò ṣe. Èsì àyẹ̀wò wúlò jù fún àwọn wolé-wolé, kí wọ́n lè mọ ibi tí àrùn ti ń jáde.

Àwọn tó sọ àrùn yìí lórúkọ mọ̀ ọ́n dáadáa: igbá kan fún èébì, igbá kan fún ìgbẹ́. Kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí ló ń fà á. Ẹnu ló ń gbà wọlé, inú ìgbẹ́ àti èébì ló ń bá jáde, kò sì sí ọ̀nà mìíràn. Kì í gun afẹ́fẹ́ bí ikọ́. Ẹni tó bá jókòó ti aláìsàn kò lè fi èémí kó o, nítorí náà mi ò fẹ́ gbọ́ pé ọmọ kankan sá fún ọmọ yẹn ní kíláàsì. Láti ìgbà tí ènìyàn bá gbé kòkòrò náà mì, ó lè tó wákàtí díẹ̀, ó sì lè tó ọjọ́ 5, kí àìsàn tó hàn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó gbé e mì kì í tilẹ̀ ṣàìsàn rárá, síbẹ̀ kòkòrò á wà nínú ìgbẹ́ wọn fún ọjọ́ kan sí mẹ́wàá. Ara ẹni le koko, ó ń se ọbẹ̀ fún gbogbo ilé, àrùn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọṣẹ fi kan gbogbo wa, kì í ṣe aláìsàn nìkan.

Àwọn wolé-wolé dé ilé tí ọmọ náà ń gbé. Kànga kan ṣoṣo ni gbogbo ayálégbé ń fà. Pánù tó ti dípẹtà, tó lu níbi méjì, ni wọ́n fi bò ó. Wọ́n wọn ibẹ̀ sí ṣáláńgá: mítà 11. Ó yẹ kó tó 30. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, ó sì fọ ilẹ̀ wọnú kànga. Ìyá ọmọ náà kì í ṣe ọ̀bùn. Mo dé ilé rẹ̀, ilẹ̀ tí a lè jẹun lórí rẹ̀ ni. Ohun tó bà á lẹ́rù tí kò fi pariwo lóru ni pé àwọn ará ilé á ní ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àrùn ti wá.

Ìtìjú yìí ló ń pa wá. Láyé àtijọ́, wọn kì í pe Ṣọ̀pọ̀ná lórúkọ, Olóde ni wọ́n ń wí, ọ̀pọ̀ ilé ló sì ń gbé aláìsàn pamọ́. Àjẹsára ló ṣẹ́gun rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà níbẹ̀. Ní òpin ọdún 1966, ní agbègbè Ògójà ní ìlà oòrùn Nàìjíríà, àjẹsára tó wà nílẹ̀ kò tó fún gbogbo ènìyàn. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ William Foege àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi rédíò béèrè lọ́wọ́ àwọn míṣọ́nnárì káàkiri abúlé pé, níbo lẹ ti rí aláìsàn? Ibi tí wọ́n bá ti ní àwọn rí i ni wọ́n gbé àjẹsára lọ, wọ́n fún àwọn tó yí aláìsàn ká. Àrùn náà dá dúró. Ọ̀nà yẹn ni gbogbo ayé gbà tẹ̀ lé e títí wọ́n fi kéde ní 1980 pé ó ti tán. Bí ilé kọ̀ọ̀kan bá ti fi aláìsàn tirẹ̀ pamọ́ nígbà náà, à bá ṣì máa rí i.

Ní 1991, tíṣà kékeré ni mí ní abúlé kan, onígbáméjì sì jà káàkiri Nàìjíríà. Ènìyàn 59,478 ni àkọsílẹ̀ sọ pé ó mú, 7,654 kú. Ẹ pín in: nínú ẹni mẹ́jọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan. Mo rí inú ilé tí wọ́n ti ń fi omi du aláìsàn nítorí wọ́n gbà pé omi ló ń bí ìgbẹ́. Ní 2021 ó tún jà, ẹni 111,062 ni wọ́n fura pé ó mú, 3,604 sì kú, ìyẹn bí ọ̀kan nínú 31. Ó dín kù, ṣùgbọ́n ó ṣì pọ̀ jù, nítorí níbi tí ìtọ́jú bá ti tètè dé, kì í pa tó ẹnì kan nínú 100. Omi ló ń tán lára ènìyàn tó fi ń kú. Bí a bá ń dá omi náà padà bó ṣe ń jáde, ara fúnra rẹ̀ á lé kòkòrò náà dànù.

Kì í sì í ṣe dókítà nìkan ló lè dá a padà. Ní 1971, nígbà ogun Bangladesh, àwọn tó sá ogun kún ibùdó kan ní Bangaon ní Íńdíà, onígbáméjì sì wọ àárín wọn. Omi tí wọ́n ń fà sára tán lọ́wọ́ Dókítà Dilip Mahalanabis. Ó po iyọ̀, glúkóòsì àti sódà mọ́ omi nínú dúrọ́ọ̀mù, ó sì ní kí àwọn ìyá, bàbá àti ẹ̀gbọ́n aláìsàn máa fi kọ́ọ̀pù bù ú fún wọn mu. Ṣáájú ìgbà yẹn, nínú aláìsàn 100, 20 sí 30 ló ń kú. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di 3 tàbí 4. Àwọn ẹbí ló ṣe iṣẹ́ yẹn.

Tiyín náà nìyí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ra ORS bíi méjì tàbí mẹ́ta sílé, kí ẹ tó nílò rẹ̀. Ẹ ka ara ọ̀rá rẹ̀ láti mọ ìwọ̀n omi tó fẹ́. Bí kò bá sí, ẹ da omi inú ọ̀rá 50cl méjì sínú abọ́ mímọ́, kó di lítà kan. Ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà, kí ẹ fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú. Iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí tíì, òun náà kó tẹ́jú. Ẹ rò ó títí yóò fi yọ́, kí ẹ sì tọ́ ọ wò: kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Ṣúgà ló ń mú iyọ̀ wọ inú ìfun, iyọ̀ sì ń fa omi tẹ̀ lé ara rẹ̀. Ìyẹn náà ló fà á tí ṣúgà àpọ̀jù fi léwu: ó máa ń fa omi jáde ni. Nítorí náà, mínírà àti mọ́ọ̀tì kò lè rọ́pò rẹ̀. Èyí tó bá kọjá wákàtí 24, ẹ dà á nù.

Ọmọ ọdún méjì sí mẹ́wàá, ẹ fún un ní ààbọ̀ kọ́ọ̀pù sí kọ́ọ̀pù kan lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó máa mu ún bó bá ṣe lè mu tó. Bó bá bì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ wá máa fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀. Ìkókó tó ń mu ọmú, ẹ má já a lẹ́nu ọmú. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ẹ béèrè síǹkì ní ilé ìwòsàn, ọjọ́ 10 sí 14 ni yóò lò ó, kódà bí ìgbẹ́ bá ti dá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi oògùn aláwọ̀ méjì àti Flagyl sílẹ̀ ní kẹ́míìsì. Àwọn aláìsàn kan nílò oògùn apakòkòrò lóòótọ́, dókítà ni yóò sọ èyí tó bá àrùn náà mu. Bí ìgbẹ́ bá ti dà bí omi ìrẹsì, bí ọmọ kò bá tọ̀, bí ojú rẹ̀ bá jìn, tàbí tó bá ń sùn lọ fọnfọn, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lóru yẹn náà, kí ẹ sì máa fún un ní omi lójú ọ̀nà. Ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́.

Ní ti ilé-ìwé, àwọn wolé-wolé bá àbùkù lọ́dọ̀ wa náà. Ẹ̀rọ omi méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ọṣẹ kò sí níbẹ̀ láti oṣù kìíní. Mo tọrọ àforíjì. Ọṣẹ ti wà níbẹ̀ báyìí, nínú nẹ́ẹ̀tì tí a so mọ́ ẹ̀rọ, ọmọ kíláàsì kan sì ni alábòójútó rẹ̀ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. A ti fọ táǹkì, a sì ń fi chlorine sí omi rẹ̀. Sóbò, kúnú àti omi òfìo inú ọ̀rá, a dá a dúró ná títí àwọn wolé-wolé yóò fi yẹ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é wò. Ẹ rántí pé ní oṣù kẹfà 2024, nígbà tí onígbáméjì jà l'Ékòó, omi òfìo tí kò níwèé àṣẹ wà lára ohun tí àwọn aláṣẹ ìlera tọ́ka sí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kan àpò àwọn ìyá tó ń tà á, mo ti bá wọn jókòó, àwọn kan lára wọn sì jẹ́ òbí níbí.

Àjẹsára onígbáméjì wà, ẹnu ni wọ́n ń kán an sí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n láti 2022, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń fúnni níbi tí àrùn bá ti bẹ́ sílẹ̀. Kò pọ̀ lágbàáyé, ibi tí àrùn bá ti bẹ́ sílẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kó o lọ. Bí wọ́n bá gbé e dé àdúgbò yín, ẹ gbà á.

Àwọn nǹkan yòókù: ìpàdé òbí àti olùkọ́ yóò wáyé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹfà, aago mẹ́wàá àárọ̀. Owó ilé-ìwé kò yí padà. Àwọn ọmọ SS3 kò gbọdọ̀ pa ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ jẹ.

Ìwé pélébé kan wà lábẹ́ lẹ́tà yìí. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù ẹni méjì sí i, àwọn tí yóò gbé e láàárín aago mẹ́jọ sí aago méjì ọ̀sán, kí ọmọ dá a padà fún tíṣà kíláàsì rẹ̀ kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọmọ yẹn ṣubú, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án la pe nọ́ńbà kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ wa. Ọjà ni ìyá rẹ̀ wà, fóònù sì ti kú.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ọmọ títọ́,

Olórí Ilé-Ẹ̀kọ́