Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ajá rẹ̀ àti bàálù

Ilé-Ifẹ̀,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí àwọn ará ilé. Mo gbọ́ pé o fẹ́ wálé láti Amẹ́ríkà wá ṣọdún Ọlọ́jọ́, o ò sì fẹ́ fi ajá rẹ sílẹ̀. Ó yé mi. Ẹni tí àìsùn àti ìpayà ń bá jà, tó wá rí ohun tó ń mú ọkàn rẹ̀ balẹ̀, a kì í sọ fún un pé ajá lásán ni. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Lẹ́tà emotional support tí dókítà kọ fún ọ, èyí tó sọ pé ajá rẹ ń mú ọkàn rẹ balẹ̀, kò lágbára mọ́ nínú bàálù. Láti 11 Oṣù Kìíní 2021 ni òfin Amẹ́ríkà ti gba àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú láyè láti ka irú ajá bẹ́ẹ̀ sí ajá ilé. Èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbé láìgba owó ni ajá tó kọ́ iṣẹ́ kan pàtó nítorí àìlera ẹni tó ni ín, àìlera ọpọlọ àti ọkàn sì wà níbẹ̀. Kí ó kàn jókòó tì ọ́ kí ara rẹ balẹ̀, òfin ò ka ìyẹn sí iṣẹ́. Kí ó máa jí ọ lójú àlá burúkú, tàbí kí ó fi ara tẹ̀ ọ́ láyà nígbà tí ìpayà bá dé, iṣẹ́ nìyẹn. Ìwọ fúnra rẹ lè kọ́ ọ. Má fowó ra káàdì tàbí ẹ̀wù ajá lórí íntánẹ́ẹ̀tì o. Ìjọba ò ní ìwé kankan tí wọ́n ń kọ orúkọ irú ajá bẹ́ẹ̀ sí.

Bí ó bá ti mọṣẹ́, kọ fọ́ọ̀mù DOT, ìyẹn ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìrìnnà, fi ránṣẹ́ sí ọlọ́kọ̀ kí ó tó ku wákàtí 48 tí bàálù máa gbéra. Ọ̀nà Èkó ju wákàtí 8 lọ, nítorí náà fọ́ọ̀mù kejì wà, lórí bí ajá kò ṣe ní ṣe ìdọ̀tí nínú ọkọ̀. Má purọ́ síbẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni lójú òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Wọn ò lè kọ̀ ọ́ nítorí irú ẹ̀yà ajá, ṣùgbọ́n bí ó bá ń fò mọ́ èèyàn tàbí tó tọ̀ sílẹ̀ ní pápákọ̀, wọ́n lè dá a padà bí ìwé tiẹ̀ pé. Bí kò bá mọṣẹ́, àpò abẹ́ àga ló kù, bí ó bá kéré tó, owó rẹ̀ sì lọ́tọ̀. Béèrè lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà. Má gba London: ajá ilé kì í bá èrò jókòó wọ ibẹ̀.

Wíwá sílé kọ́ ni ìṣòro, pípadà ni. CDC, àjọ Amẹ́ríkà tó ń dènà àrùn, ka Nàìjíríà mọ́ ibi tí dìgbòlugi ti pọ̀ lára ajá, òfin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1 Oṣù Kẹjọ 2024 sì mú gbogbo ajá, títí kan èyí tó mọṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ pé oṣù 6, kí ó ní microchip, ohun kékeré bí wóró ìrẹsì, tó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ ajá, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ tì sábẹ́ awọ. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀: microchip ló gbọ́dọ̀ ṣáájú abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣáájú, wọn ò ní kà á, nítorí kò sí ẹ̀rí pé ajá yìí gan-an ló gbà á. Dókítà ẹranko rẹ yóò wá kọ fọ́ọ̀mù CDC fún abẹ́rẹ́ tó gbà ní Amẹ́ríkà, USDA, ilé-iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà, yóò fọwọ́ sí i kí ajá tó kúrò níbẹ̀. Bí o bá dé Ifẹ̀ láìní ìwé yìí, kò sẹ́ni tó lè bá ọ ṣe é níbí. Abẹ́rẹ́ tuntun ni yóò kàn, pẹ̀lú ìwé tí dókítà ìjọba fọwọ́ sí. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 30 ó kéré tán, láti mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ náà ti ṣiṣẹ́ lára rẹ̀; èsì rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí 0.5 IU/mL, ọjọ́ 28 gbọ́dọ̀ kọjá lórí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà kí ajá tó wọ Amẹ́ríkà. Láìsí àyẹ̀wò yẹn, wọ́n á sé e mọ́ fún ọjọ́ 28, owó rẹ sì ni. Fún ìdí èyí, bí ìwé USDA ò bá tíì jáde, ọ̀dọ̀ ẹni tí ajá mọ̀ dáadáa ni kí o fi í sí.

Fún wíwọlé síbí, gba ìwé àṣẹ NAQS, àjọ Nàìjíríà tó ń yẹ ẹranko àti ohun ọ̀gbìn wò ní ẹnu ibodè, àti ìwé ìlera. Lọ́jọ́ ìrìnàjò, fún un ní oúnjẹ díẹ̀ ní wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà ṣáájú. Má fún un ní oògùn orun: ó ń dí mímí lọ́wọ́ lójú òfurufú, ọlọ́kọ̀ sì lè kọ̀ ọ́. Bí imú rẹ̀ bá pẹlẹbẹ, má jẹ́ kí wọ́n gbé e sí ibi ẹrù, ooru lè pa á.

O mọ̀ pé ajá ni wọ́n fi ń bọ Ògún. Ní àsìkò Ọlọ́jọ́, pàápàá lápá Òkè Mògún, kí okùn rẹ̀ má kúrò lọ́wọ́ rẹ, kí nọ́ńbà fóònù rẹ wà lọ́rùn rẹ̀. Má jẹ́ kí ó bá ajá ìgboro ṣeré, ọ̀pọ̀ wọn ò gba abẹ́rẹ́.

Kí n lè mọ̀ bóyá yóò wọ àpò abẹ́ àga, wọn ajá náà fún mi láti imú dé ìdí ìrù, àti gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ dé èjìká, kí o sì sọ ọjọ́ tó gba microchip àti ọjọ́ tó gba abẹ́rẹ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Mojí