Ẹ̀sùn: Hiroshige ni mo sanwó fún, Van Gogh ni ẹ gbé wá

Ṣómólú, Èkó.
14 Oṣù Kẹta, 2025.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà.

Alàgbà,

Mo kí yín o. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejì, mo san ₦185,000 fún ilé-iṣẹ́ yín lórí àdàkọ àwòrán kan ṣoṣo, ìyẹn òjò òjijì lórí afárá Shin-Ōhashi, iṣẹ́ Utagawa Hiroshige, ayàwòrán ará Japan, ti ọdún 1857. Ẹ tún gba ₦7,500 fún ẹni tó máa gbé e wá. Ohun tí ẹ kọ sábẹ́ ọjà náà ṣì wà lórí fóònù mi: ọwọ́ ni a fi yà á, ọ̀dà olómi lórí bébà kozo (bébà Japan tí wọ́n ń fi èèpo igi ṣe), ó sì tóbi tó ojúlówó rẹ̀ gan-an, sẹ̀ǹtímítà 34 sí 24.

Ohun tó dé ọwọ́ mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá kì í ṣe bébà rárá. Kánfáàsì ni, òórùn ọ̀dà olóròóró sì gba yàrá kan débi pé ìyàwó mi ní kí n gbé e síta. Mo fa téèpù sí i: 73 sí 54. Férémù tí mo ti ní kí káfíńtà kàn sílẹ̀ dè é kò lè gba ìdajì rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ìwọ̀n nìkan ni ẹ ṣì, àfi ìgbà tí mo wo etí rẹ̀ dáadáa. Ẹ ya àlà fífẹ̀ kan yí gbogbo àwòrán náà ká, ẹ sì to lẹ́tà àwọn ará Japan kún inú àlà náà.

Hiroshige kò ya irú àlà bẹ́ẹ̀ rí sára àwòrán yẹn. Van Gogh, ayàwòrán ará Netherlands, ló yà á. Ní 1887, nígbà tó ń gbé ní Paris, ó wo iṣẹ́ Hiroshige, ó fi ọ̀dà olóròóró ya tirẹ̀, ó fi àlà yí i ká, ó wá da lẹ́tà tó rí lára àwọn àwòrán Japan mìíràn kọ sínú àlà ọ̀hún. Iṣẹ́ yẹn wà ní Amsterdam, ní mùsíọ́mù tí wọ́n fi orúkọ Van Gogh pè. Ẹ mọ bó ṣe tóbi tó? 73 sí 54. Ọmọ Hiroshige ni mo bèèrè, ọmọ-ọmọ ni ẹ gbé wá.

Mo fi fọ́tò méjèèjì ránṣẹ́ sí nọ́ńbà WhatsApp yín. Ọmọbìnrin tó dáhùn ní, "Daddy, àwòrán kan náà ni. Afárá náà nìyẹn, òjò náà nìyẹn." Mi ò bá a jà, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní mánẹ́jà kọ ọ́ sí mi pé kí ni mo tilẹ̀ ń bínú sí, àtẹ̀jáde lásán ṣáà ni ti Hiroshige, èyí tí ẹ fọwọ́ yà fún mi ló níyì jù.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo fi jẹun ní Ṣómólú níbí fún ọdún 31 kí n tó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ọmọ mi. Pléètì mẹ́rin péré là ń lò, ẹ̀rọ ló ń bá wa di bébà mú, síbẹ̀ bí àwọ̀ kan bá fi bíńtín yẹ̀ lórí èkejì, ọjà ti bà jẹ́ nìyẹn. Ní Edo, tó di Tokyo lónìí, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Hiroshige á ya àwòrán sórí bébà fẹ́lẹ́, agbẹ́gi á lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó igi ṣẹ́rì ní ìdojúdé, á sì gbẹ́ gbogbo ibi tí kò sí ìlà dànù. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní pákó tirẹ̀. Ààmì kan wà létí pákó kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní kento, ibẹ̀ ni atẹ̀wé ń ti bébà mọ́ kí àwọ̀ lè jókòó sáyè rẹ̀. Baren, ohun pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi èèpo ọparun wé, ló fi ń ra ẹ̀yìn bébà. Ìkùukùu tó ṣú lókè àwòrán yẹn, atẹ̀wé ló nu ọ̀dà orí pákó tí dúdú náà fi ń ṣá díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń bọ̀ nílẹ̀. Òjò náà, pákó méjì ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, ìlà ọ̀kan dagun díẹ̀ ju ti èkejì lọ, ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé ó ń rọ̀ lójú ẹni. Ṣé èyí ni àtẹ̀jáde lásán?

Ẹ wá wo tiyín. Òjò yín nípọn bí ọ̀já ìgbálẹ̀, kò sì dé orí odò. Ọkùnrin tó ń fi ọ̀pá tu igi gẹdú lójú omi ti di ẹ̀kán ọ̀dà kan, ẹ sì gbàgbé ọ̀pá rẹ̀. Kí n má parọ́, ẹni tó yà á mọ ọ̀dà pò. Odò yẹn dára. Fọ́tò tí ẹ gbé fún un ló ṣì í lọ́nà.

Ohun tí mo ń fẹ́: kí ẹ ya èyí tí mo bèèrè, lórí bébà, ní ìwọ̀n tí ẹ kọ, láì gba kọ́bọ̀ lé e. Bí ìyẹn bá ṣòro, ẹ dá ₦192,500 mi padà láàárín ọjọ́ 14. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018 gbà mí láyè láti dá ọjà tí kò bá àpèjúwe rẹ̀ mu padà, bí ẹ bá sì dákẹ́, ọ̀dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ni lẹ́tà mi tó kàn ń lọ.

Kánfáàsì yín wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi, mo ti fi ìwé ìròyìn wé e. Kí ẹni tó máa wá gbé e pè mí kó tó kúrò nílé, mi ò kì í sí nílé ní àárọ̀ Jímọ̀.

Èmi ni oníbàárà yín.