Ẹ má sọ ọjọ́ ìkọ́ra di ọjọ́ ìdíje: lẹ́tà lórí irin gbígbé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. A máa ń ka ojú ewé ìlera yín, ó sì dára pé ẹ ń rọ àwọn èèyàn láti máa rìn, kí wọ́n máa sáré. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ìrìn àti eré sísá nìkan. Àwọn ọ̀dọ́ ti kún inú jíìmù, àwọn mìíràn ń gbé irin tí wọ́n fi agolo àti sìmẹ́ńtì ṣe lẹ́yìn ilé, àwọn ìyá àti bàbá wa náà sì ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà pé kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí iṣan tó ń joro. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ ọ́ nínú ìtọ́sọ́nà tó gbé jáde ní 2020 pé kí ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 18 fi ó kéré tán ọjọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀ ṣe iṣẹ́ tó ń fún iṣan lágbára. Ta ló ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa ṣe é?

Àwa tí a ń kọ́ni ní irin gbígbé rí i pé àṣìṣe kan náà ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àti ẹni tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ ń ṣe. Wọ́n ń fi ọjọ́ ìkọ́ra dán agbára wò. Ẹni tuntun dé lónìí, ó fẹ́ mọ ibi tí agbára òun mọ lónìí. Ẹni tó ti lo ọdún mẹ́fà níbẹ̀ náà, gbogbo ọjọ́ Ajé ló fẹ́ mọ̀ bóyá òun ti ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Dídán agbára wò kì í fi kún agbára. Irin tí èèyàn lè gbé dáadáa, tí ó ń gbé léraléra, tí ó sì ń fi díẹ̀díẹ̀ kún, òun ló ń fi kún un.

Ẹni tí kò gbé irin rí ni kí a kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Kí ó mọ ìwúwo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pá tí àwọn ọkùnrin fi ń díje jẹ́ kílò 20, ti àwọn obìnrin jẹ́ kílò 15, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀pá tó wà ní jíìmù àdúgbò fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ dúró sórí ìwọ̀n, ẹ wo iye tí ẹ wọ̀n, ẹ gbé ọ̀pá náà dání, ẹ tún wò ó. Ohun tó fi lé ni ìwúwo ọ̀pá. Àwọn tó ń lo irin oní-sìmẹ́ńtì ní láti ṣọ́ra jù, torí agolo méjì tó dọ́gba lójú lè má dọ́gba rárá. Ẹ so okùn mọ́ àárín gbùngbùn ọ̀pá náà, ẹ fi gbé e kọ́. Ẹ̀gbẹ́ tó bá rẹlẹ̀ ló wúwo jù. Ẹ má gbé e sẹ́yìn báyẹn, nítorí ẹ̀yìn yóò máa yí díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbé e, ìrora tó sì máa ti ibẹ̀ yọ kì í tètè lọ. Ẹ so ìdérí irin tàbí àpò iyanrìn kékeré mọ́ ẹ̀gbẹ́ tó fúyẹ́ títí méjèèjì yóò fi dọ́gba.

Iṣẹ́ márùn-ún tó fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́: kí a gbé irin sẹ́yìn kí a sì lóṣòó, kí a gbé irin nílẹ̀, kí a ti irin lórí bẹ́ǹṣì, kí a ti irin sókè orí lórí ìdúró, kí a tẹ̀ síwájú kí a fa irin wá sí ikùn. Ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀, bí ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ kan, lóṣòó, bẹ́ǹṣì, kí a sì gbé irin nílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, lóṣòó, títì sókè orí, àti fífà sí ikùn. Kí ó máa pààrọ̀ wọn bẹ́ẹ̀. Sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta (sẹ́ẹ̀tì ni iye ìgbà tí a gbé irin léraléra kí a tó sinmi), ẹ̀ẹ̀marùn-ún nínú sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, àyàfi gbígbé nílẹ̀ tí sẹ́ẹ̀tì kan tó wúwo ti tó fún. Kí ó sinmi ìṣẹ́jú mẹ́ta láàárín sẹ́ẹ̀tì kan sí èkejì. Àwọn tó ń sinmi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, èémí ni wọ́n ń kọ́, kì í ṣe agbára.

Kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá òfìfo. Ibí ni ìtìjú ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ fún àwọn ọkùnrin, ẹ jẹ́ kí a jọ ṣírò rẹ̀. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lóṣòó pẹ̀lú kílò 20, tó sì ń fi kílò 2.5 kún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, kílò 7.5 ló ń fi kún un lọ́sẹ̀ kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ó ti dé kílò 80. Ẹni tó fi tipátipá bẹ̀rẹ̀ láti 60 lọ́jọ́ kìíní sábà máa ń ṣì wà ní 60 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, tàbí kí ó ti wà nílé pẹ̀lú orúnkún dídùn. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ọpọlọ ló ń kọ́ bó ṣe máa pe iṣan sí iṣẹ́. Iṣan fúnra rẹ̀ kò tíì tóbi. Àwọn okùn tó so iṣan mọ́ egungun sì ń lọ́ra ju iṣan lọ láti le, nítorí náà agbára lè ti wà lára itan kí orúnkún tó ṣe tán láti gbà á.

Kílò 2.5 tí a sọ yìí, péléètì (irin pẹlẹbẹ roboto tí a ń kì bọ ọ̀pá) kílò 1.25 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni. Fún bẹ́ǹṣì àti títì sókè orí, kò ní pẹ́ tí 2.5 gan-an yóò fi pọ̀ jù, kí a máa fi kílò kan kún un nígbà náà. Ẹni tí kò rí péléètì kékeré lè fi ike omi ìdajì lítà tó kún rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó so ó dáadáa. Ìdajì lítà omi jẹ́ ìdajì kílò, méjèèjì jẹ́ kílò kan.

Nísinsìnyí, ìlóṣòó, èyí tí a ń rí ìbàjẹ́ rẹ̀ jù. Ọ̀pá náà kò gbọdọ̀ jókòó lórí egungun ọrùn. Orí ẹran èjìká lẹ́yìn ló ń jókòó sí. Ẹsẹ̀ fẹ̀ tó èjìká, ọmọ ìka ẹsẹ̀ yà síta díẹ̀. Mí sínú, kí ikùn le yíká-yíká bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́, lẹ́yìn náà kí o sọ̀kalẹ̀. Orúnkún tẹ̀ lé ọ̀nà tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọjú sí. Kí ìbàdí rẹlẹ̀ ju orúnkún lọ díẹ̀ kí o tó dìde, kí gìgísẹ̀ má sì kúrò nílẹ̀. Tí gìgísẹ̀ bá ń gbéra, irin ti lọ síwájú jù, tàbí kí ọrùn ẹsẹ̀ má fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀. Fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ gìgísẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Tí ìdí bá kọ́kọ́ sáré lọ sókè tí àyà sì dọ̀bálẹ̀, irin ti wúwo ju ohun tí itan lè gbé, ẹ̀yìn ló ń bá a san gbèsè náà. Tí orúnkún bá ń wọlé síra wọn, dín in kù, kí o sì rò ó bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ ya ilẹ̀ sí méjì. Bàtà eré sísá tó rọ̀ bíi fóòmù kò dára fún èyí, nítorí ó ń rì lábẹ́ irin. Bàtà pẹlẹbẹ tàbí ẹsẹ̀ lásán sàn jù.

Gbígbé irin nílẹ̀ ní ìṣòro kan tí kò sí nínú fídíò àwọn òyìnbó. Péléètì ìdíje fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 45 láti etí dé etí, nítorí náà ọ̀pá wà ní sẹ̀ǹtímítà 22.5 sí ilẹ̀. Péléètì irin kéékèèké tí a ń lò ní jíìmù wa kò ga tó bẹ́ẹ̀, ọ̀pá á wá sún mọ́ ilẹ̀ jù, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí i á sì tẹ ẹ̀yìn bí ọrun. Ẹ gbé péléètì náà sórí pákó tàbí búlọ́ọ̀kù títí ọ̀pá yóò fi tó gíga yẹn. Lẹ́yìn náà, kí ọ̀pá wà lókè àárín ẹsẹ̀, kí ojúgun kàn án, kí àyà gbéra, kí ẹ fa ọ̀pá náà díẹ̀ títí yóò fi fún mọ́ péléètì, kí ẹ tó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀. Ẹ má já a gbà. Kí ó máa ra ẹsẹ̀ lọ sókè, torí gbogbo ìka kan tó bá fi jìnnà sí ẹsẹ̀, ẹ̀yìn ló ń sanwó rẹ̀.

Ti bẹ́ǹṣì, ọ̀rọ̀ ààbò la fẹ́ tẹnu mọ́. Kí àtàǹpàkò yí ọ̀pá ká. Kí ìgbọ̀nwọ́ má ya síta tán bí apá ẹyẹ, èjìká ni yóò jìyà rẹ̀. Kí ẹnì kan dúró sí òkè orí. Ẹni tó bá dá wà, tí kò sí irin ìdáàbòbò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì, kí ó má fi ìdènà ti péléètì pa, kí ó lè dà wọ́n nù sí ẹ̀gbẹ́ kan bí irin bá jókòó lé e láyà.

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ séèémí lábẹ́ irin tó wúwo, nítorí ìfúnpá á sáré lọ sókè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ rí dókítà, kí ó sì lo irin fúyẹ́ tó lè gbé ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá sí méjìlá, kí ó máa mí síta bó ti ń ti irin. Fún àwọn àgbà, dídìde lórí àga láìfọwọ́ ti nǹkan, ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ lọ́nà mẹ́ta, àti kẹ́ẹ̀gì omi lítà márùn-márùn-ún lọ́wọ́ méjèèjì láti rìn yí ilé po, ìbẹ̀rẹ̀ gidi ni.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ó kàn yín. Nígbà tí ẹ bá ti kùnà nígbà mẹ́ta léraléra ní ìwọ̀n kan náà, ẹ dín in kù ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kí ẹ tún gun òkè padà. Tó bá tún dúró síbẹ̀, ìfikún ojoojúmọ́ ti tán nílẹ̀, ẹ ní láti máa ṣírò rẹ̀ ní oṣù. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé kílò 140 ni gbígbé ẹ̀ẹ̀kan yín tó ga jù ní ìlóṣòó. Ọ̀sẹ̀ kìíní, kílò 105, sẹ́ẹ̀tì márùn-ún, ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ọ̀sẹ̀ kejì, 112.5, sẹ́ẹ̀tì márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ọ̀sẹ̀ kẹta, 117.5, sẹ́ẹ̀tì márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, 85, sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta péré, kí ara sinmi. Lẹ́yìn náà, ẹ fi 2.5 kún gbogbo rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ padà. Ẹ ó rí i pé kò sí ọjọ́ kankan tí ẹ gbé 140 nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹrin yẹn ni àwọn alágbára ń fò, inú rẹ̀ gan-an sì ni agbára ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yòókù ti ń jáde. Nínú ọ̀pọ̀ jùlọ sẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì tí ẹ ì bá tún gbé sílẹ̀. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, ẹ kọ ọjọ́, ìwọ̀n àti iye ẹ̀ẹ̀melòó sí i. Ẹni tí kò kọ ọ́ sílẹ̀ kò mọ̀ bóyá òun ń lọ síwájú.

Ara ríro tó dé lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta jẹ́ ti iṣan, yóò lọ. Ìrora tó gún bí abẹ́rẹ́ nínú oríkèé, ẹ dáwọ́ dúró. A bẹ̀ yín, ẹ má lo oògùn ìrora kí ẹ lè gbé irin lórí rẹ̀; ohun tí ara ń fi kìlọ̀ ni ẹ ń pa lẹ́nu mọ́. Tí ìtọ̀ bá sì dúdú bíi kóòkì lẹ́yìn iṣẹ́ àṣejù, tí iṣan wú, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí kíndìnrín lè bàjẹ́.

Ní ti oúnjẹ, gíráàmù pùrótíìnì 1.6 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan tó lójúmọ́. Ẹni tó wọn kílò 70 ń wá nǹkan bíi 112. Ẹyin mẹ́rin, 24. Ẹ̀wà gíráàmù 150 kí a tó sè é, tàbí mọ́ínmọ́ín tó jáde nínú rẹ̀, bíi 33. Ẹja títùs gíráàmù 200, bíi 40. Mílíìkì oníyẹ̀fun gíráàmù 60, bíi 15. Ó ti pé láìra agolo ńlá ìyẹ̀fun pùrótíìnì tí wọ́n ń tà lówó gọbọi. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń tà, creatine monohydrate, ìyẹ̀fun tí a ń mu láti ran iṣan lọ́wọ́, gíráàmù 3 sí 5 lójúmọ́ ló ní ẹ̀rí tó dúró jù, ṣùgbọ́n ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn kí ó bi dókítà. Abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ọ̀dù, oògùn tó ń fi tipá mú iṣan tóbi, tí àwọn kan ń gún lábẹ́lẹ̀ ń ṣe ìpalára fún ọkàn, ó ń sọ kórópọ̀n di kékeré, ó sì ń yí ohùn obìnrin padà láìní padà sípò mọ́.

Àwọn obìnrin tó ń bẹ̀rù pé irin yóò sọ wọ́n di ọkùnrin, kí wọ́n wo Rafiatu Folashade Lawal, tó gba wúrà ní ìdíje Commonwealth ní Birmingham ní 2022. Ìpele kílò 59 ló wà, àpapọ̀ irin tó gbé sì jẹ́ kílò 206.

A fẹ́ kí ẹ bá wa fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí àwọn tó ni jíìmù. Kí wọ́n tó ra dígí ńlá àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kí wọ́n ra péléètì kílò 1.25 méjì-méjì fún ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n kan, pákó tí a lè gbé péléètì lé, àti irin ìdáàbòbò sí bẹ́ǹṣì. Kí wọ́n sì kọ ìwúwo ọ̀pá kọ̀ọ̀kan sára rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà.

Àwa ni tiyín,
Àwọn olùkọ́ irin gbígbé,
Ìbàdàn