Kí Tsaigumi wá wo igbó Èkìtì náà

Sí Olóòtú,

Ọdún 2018 ni Ààrẹ Buhari ṣí aṣọ lójú Tsaigumi ní Kàdúná, drone aṣọ́lẹ̀ tí iléeṣẹ́ ológun òfuurufú wa bá àwọn ará Portugal ṣe. Wọ́n ní ó lè wà lókè fún wákàtí 10. Ó dáa. Àmọ́ ní oṣù kìíní 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì l'Ékìtì níbí, wọ́n tún jí ọmọ iléèwé gbé ní Emùré. Èmi tí mò ń lọ oko kòkó, mi ò tíì rí nǹkan kan lókè orí mi ju àṣá lọ.

Mi ò ní kó wá ju bọ́ǹbù o! Ẹ̀rù Tudun Biri, abúlé Kàdúná tí drone ológun ti ṣèèṣì ju bọ́ǹbù pa aráàlú, ṣì ń bà wá. Kó kàn máa wo igbó, kó ta Àmọ̀tẹ́kùn lólobó.

Àgbẹ̀ kan,
Ìkọ̀lé-Èkìtì