Àníkẹ́, gbé fóònù ẹ

Àníkẹ́ mi,

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mo ti ń pe nọ́ńbà ẹ, obìnrin inú fóònù yẹn ló ń dá mi lóhùn, ó ti sú mi débi pé mo ti ń bú u. Mo sì rí i lórí WhatsApp pé o wọlé lánàá ní aago 11 alẹ́. Nítorí ta lo ṣe wọlé? Tó o bá lè tẹ nǹkan sí ẹlòmíì, ṣé "Màámi, mo wà" ló máa wá gùn jù fún ẹ? Kúnlé ni mo kọ́kọ́ ní kó bá mi tẹ èyí, mo ti lé e jáde, èmi fúnra mi ni mò ń tẹ̀ ẹ́, torí náà má wo àṣìṣe.

Kí lo jẹ láàárọ̀?

Bàbá ẹ wà dáadáa, orúnkún yẹn náà ni. NEPA mú iná wá fún ọjọ́ méjì gbáko, gbogbo àdúgbò ń lọ aṣọ. Ewúrẹ́ Ìyá Láńdílọ́ọ̀dù tún wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó jẹ lára èlùbọ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti Ṣakí, a ti jà, a ti parí ẹ̀.

Ọ̀nà ló jẹ́ kí n kọ̀wé. O sọ fún mi pé inú ìlú Kàdúná ni ọ́fíìsì NGO yẹn wà, o ní fáìlì lẹ máa máa tò, pé oṣù mẹ́ta péré ni IT náà, kí school tó wọlé padà. Mo gbà. Àfi bí ọmọ Ìyá Ìdòwú ṣe fi fídíò hàn mí ní Bódìjà, ìwọ rèé lábẹ́ igi ní abúlé kan, ìbòrí lórí, o ń sọ Hausa mẹ́ta mẹ́rin, àwọn ìyá ọlọ́mọ jókòó sórí ẹní yí ẹ ká. Ta ló gbé ẹ dé abúlé? Mọ́tò wo lẹ wọ̀? Ọ̀nà wo lẹ gbà, ṣé ẹ sì padà kílẹ̀ tó ṣú? Ọmọ ọdún 10 ni ẹ́ ní April 2014 tí wọ́n kó àwọn ọmọbìnrin 276 ní Chibok, odidi ọ̀sẹ̀ kan lo fi sùn sẹ́yìn mi, ò ń bi mí pé ṣé wọn ò ní wá sí school tiyín. Mo ní rárá, ọ̀nà wọn jìn sí wa. Ìwọ náà lo wá fẹsẹ̀ ara ẹ rìn lọ bá ọ̀nà yẹn. Rélùwéè Àbújá sí Kàdúná táwọn èèyàn sá lọ wọ̀ torí pé títì ò dáa, ṣé wọn ò ká a mọ́ ní March 2022 ni, wọ́n pa èèyàn, wọ́n kó èèyàn wọ igbó. Má sọ fún mi pé ó ti pẹ́.

Iṣẹ́ yẹn dáa o, n ò ní parọ́, orí mi wú nígbà tí mo rí ẹ. O ti ṣàlàyé ẹ̀ fún mi kó o tó lọ, pé àwọn NGO yẹn máa ń kó àwọn ọmọbìnrin tí ò lọ school jọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ìwé kíkà, ìṣirò, bí wọ́n ṣe máa tọ́jú ara wọn tí wọ́n bá ń ṣe nǹkan oṣù, pé wọ́n máa ń lọ bẹ àwọn bàbá kí wọ́n má tíì fi wọ́n fọ́kọ. O ní talla ni wọ́n ń pe ìkiri ọjà lọ́hùn-ún, pé ọ̀pọ̀ ọmọ ni talla ti yọ kúrò ní kíláàsì. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. N ò mọ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín.

Tó o bá dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí yẹn, kúnlẹ̀ kí wọn. Má bá bàbá kankan sọ̀rọ̀ bíi pé òmùgọ̀ ni. Ẹni tó yọ ọmọ ní school mọ iye tó wà lápò ẹ̀, ó sì mọ ohun tó ṣe, á máa mọ̀ ọ́n títí ọmọ yẹn á fi bímọ tiẹ̀.

Nínú fídíò yẹn, kí ẹni tó ń túmọ̀ ẹ̀ tó gbà á lẹ́nu ẹ, mo gbọ́ "my sister". Ẹ̀ẹ̀mejì. Atẹ́gùn wá gbé ìyókù lọ. Kí lo sọ fún wọn?

Mo ti sọ fún gbogbo yín pé Bọ́sẹ̀ ló ní òun ò fẹ́ ìwé mọ́. Irọ́ ni. Ọdún tí lọ́rì gbá bàbá yín, owó tó kù ò tó ọmọ méjì, àmọ́ ó tó ẹnì kan, Kúnlé ni mo mú. Bọ́sẹ̀ wà ní SS2, òun ló mọ̀wé jù nínú àwọn méjèèjì, Kúnlé gan-an mọ̀. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo gbé igbá èlùbọ́ lé e lórí, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń kọjá lọ sí school nínú yúnífọ́ọ̀mù, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kóun gba ẹ̀yìn ilé. Ẹ̀yìn ilé ló sì ń gbà títí wọ́n fi ṣe WAEC tán.

Bẹ́ẹ̀ ohun tí bàbá mi ṣe fún mi náà nìyẹn. Ọ̀fẹ́ la ń kàwé láyé Bọ́lá Ìgè, àwọn sójà gbàjọba ní ìparí 1983, owó school padà dé, bàbá mi ní ti àbúrò mi ọkùnrin nìkan lòun rí. Fọ́ọ̀mù tíírì ni mo wà. Mo búra pé n ò ní ṣe é fọ́mọ mi láéláé. Ìyá mi ṣì wà láyé lọ́dún tí mo ṣe é, ó kàn ń wò mí ni.

Kí n tó gbàgbé, yé gbé ibi tó o wà sórí status. Má dá nìkan gun acháàbá. Owó tó o ní o fẹ́ fi ránṣẹ́, mú un dání, fi wọ mọ́tò gidi. Mo ti di gààrí àti ẹja sínú Ghana-must-go, mo ń wá ẹni tó máa bá mi gbé e ní páàkì Ọjọ́ọ̀.

Bọ́sẹ̀ ti wo fídíò yẹn o. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó gbé e lọ sẹ́yìn ilé, mo gbọ́ ohùn ẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó dá a padà, kò sọ nǹkan kan, ó lọ ń fọ kọ́ńgọ́. N ò lè bi í. Tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo lo máa pè nínú wa, pe òun. Lẹ́yìn ìyẹn kó o wá sọ ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà fún mi. Tí káàdì ò bá sí, ṣáà fíláàṣì mi, màá pè ẹ́ padà.

Èmi ni,
Ìyá ẹ