Kì í ṣe aró ni mo fi pa ṣọkọ mi o

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ọjọ́ ọjà Agbálátà tó kọjá yìí lọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Mo gbé ẹ̀fọ́ mi kalẹ̀, ṣọkọ pupa ló pọ̀ jù níbẹ̀, tẹ̀tẹ̀ pupa díẹ̀, àti amúnútutù tí igi ẹ̀ pọ́n roro, àfi bí ọmọbìnrin kan ṣe dé tó mú ìdì kan, ó yí i síwá yí i sẹ́yìn, ó ní Màmá, ṣé aró lẹ fi pa ẹ̀fọ́ yìí ni àbí ó ti fẹ́ bàjẹ́? Mo ní rárá o, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Kò gbà, ó lọ ra aláwọ̀ ewé lọ́wọ́ ẹni tó jókòó tì mí. Inú mi bàjẹ́ délé, kì í ṣe torí owó, ẹ̀fọ́ tí ìyá mi fi tọ́ wa dàgbà ni wọ́n wá ń fura sí bí ẹni rí májèlé. Àwọn àgbà tó sọ ọ́ ní ṣọkọ yòkòtò, ṣé wọ́n yọ pupa sílẹ̀ ni?

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé irúgbìn ẹ̀ ti ń lọ. Àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ tà ládùúgbò wa ní Ajárá, aláwọ̀ ewé nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbìn báyìí torí òun ló ń yá lọ́jà, bẹ́ẹ̀ irúgbìn tí èèyàn ò bá gbìn fún ọdún mélòó kan, kíkú ló máa kú. Àwọn ọmọ wa sì rèé lórí fóònù, irúgbìn òyìnbó olówó gọbọi ni wọ́n ń rà torí pé àwọ̀ ẹ̀ ṣàrà ọ̀tọ̀. Èmi náà ṣe é o, mi ò ní purọ́ fún yín. Ọdún tó kọjá ọmọ mi fi fọ́tò sitirọ́bẹ́rì búlúù hàn mí, ó rẹwà débi pé mo san owó ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n fi pákẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, a gbìn ín, a ń bomi rin ín láàárọ̀ lálẹ́, koríko lásán ló hù. Ẹni tó tà á fún wa ò gbé fóònù mọ́. Ìgbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé kò sí sitirọ́bẹ́rì búlúù níbì kankan, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń kun fọ́tò yẹn. Kárọ́ọ̀tì elésè àlùkò wà ní tiẹ̀, kódà òun àti yẹ́lò ló ṣáájú, ìhà Afghanistan àti Páṣíà ni wọ́n ti ń gbìn ín tipẹ́tipẹ́ kí aláwọ̀ ọsàn tó wá gbòde lọ́dọ̀ àwọn ará Holland lẹ́yìn ọdún 1600. Ṣùgbọ́n kárọ́ọ̀tì fẹ́ òtútù, ilẹ̀ Jos ló bá a lára mu, kì í ṣe yanrìn Àgbádárìgì tó máa ń gbóná bí ààrò lọ́sàn-án gangan.

Omi pupa tó máa ń jáde tẹ́ ẹ bá bọ ṣọkọ yìí ló ń já àwọn èèyàn láyà. Mọ̀lẹ́bí kan náà ni ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀ àti bíítìrúùtù tí wọ́n ń lọ̀ mu kiri báyìí, irú àwọ̀ kan náà ló wà lára wọn, ó sì máa ń yọ́ sínú omi. Ẹni tí ò bá fẹ́ kó yọ́ dànù, kó má bọ̀ ọ́ pẹ́. Ilá pupa ò rí bẹ́ẹ̀ ní tiẹ̀, tó bá ti jinná ó ti di aláwọ̀ ewé nìyẹn, àlejò yín ò tiẹ̀ ní mọ̀. Irú ìfura yìí náà ni wọ́n fi gba gbágùúdá yẹ́lò tí àwọn IITA, ilé iṣẹ́ tó ń ṣèwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Ìbàdàn, bá wa mú jáde lọ́dún 2011, ẹlòmíì rí gààrí ẹ̀ ó ní epo pupa ni wọ́n dà sí i, bẹ́ẹ̀ ohun tí ara wa ń sọ di fítámì A ló mú un yẹ́lò látinú ilẹ̀ wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ẹ gbin ṣọkọ pupa. Yanrìn wa kì í gbomi dúró, ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa ni mo máa ń pò mọ́ ọn, èèpo àgbọn ni mo sì ń tẹ́ sórí ẹ̀, àgbọn ò kúkú wọ́n wa níbí. Irúgbìn ṣọkọ kéré púpọ̀, ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kẹ́ ẹ tó fọ́n ọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ojú kan ló máa hù sí. Ẹ jẹ́ kí oòrùn rí i o! Èyí tí mo gbìn sábẹ́ máńgòrò kò pọ́n dáadáa, àwọn tó wà níta gbangba ló ń dán. Kẹ́ ẹ tó máa já a jẹ, ẹ yan mẹ́ta mẹ́rin tó pọ́n jù sọ́tọ̀ fún irúgbìn, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n títí wọ́n á fi yọ òdòdó tí òdòdó ọ̀hún á sì gbẹ, kẹ́ ẹ sì hú aláwọ̀ ewé tó bá wà nítòsí wọn dànù kó tó yọ òdòdó, torí wọ́n máa ń gùn ara wọn, tí èyí tó bá hù lọ́dún tó ń bọ̀ á wá dà bí àdàlù.

Mo ní irúgbìn ṣọkọ pupa nínú ìgò nílé. Ìgbá elésè àlùkò tí màmá mi máa ń gbìn ni mi ò rí mọ́, ẹni tó bá ní in kó wá sí Agbálátà lọ́jọ́ ọjà, kó béèrè ẹlẹ́fọ̀ọ́ pupa, ká jọ pààrọ̀. Mo fi fọ́tò méjì sínú lẹ́tà yìí. Ẹ̀yin Olóòtú, tẹ́ ẹ bá máa gbé e jáde, mo bẹ̀ yín, ẹ má tẹ̀ ẹ́ ní dúdú àti funfun.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́,
Ajárá, Àgbádárìgì.