Ẹ Má Tíì Ta Kọ̀ǹpútà Bàbá Yín

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ gbé lẹ́tà ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde, tó ní bàbá òun fi kọ̀ǹpútà Pentium II sílẹ̀ fún òun, tó sì ń béèrè bóyá òun lè mú un sáré sí i. Ẹni tó dá a lóhùn ní kó lọ tà á fún àwọn tó ń fi ọmọlanke ra irin àlòkù kiri. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ìwé títẹ̀ ni mo fi ń jẹun l'Agbowó, ní òdìkejì Yunifásítì Ìbàdàn, láti ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń tò síwájú ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ kùtù. Ẹ̀rọ tó bọ́ mi jù lọ láyé ìgbà yẹn, ọwọ́ ara mi ni mo fi sọ ọ́ di eléré.

Celeron 300A ni prọ́sẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) inú rẹ̀. Ọdún 1998 ni Intel gbé e jáde, mẹ̀kúnnù inú ìdílé Pentium II ni. Bọ́ọ̀dù, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ jókòó lé, á máa lu ìlù 66 MHz (ìlù mílíọ̀nù 66 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) fún un, òun á sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin ààbọ̀, ìyẹn 300. Intel ti ìlọ́po yẹn pa, kò ṣe é yí. Ṣùgbọ́n wọn ò ti ìlù pa. Bí bọ́ọ̀dù bá lu 100, ìlọ́po mẹ́rin ààbọ̀ kan náà á di 450, eré Pentium II tó yára jù lọ nìyẹn. Ohun tó jẹ́ kó lè gbà á ni pé cache rẹ̀ (mẹ́mórì kékeré tó ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí), 128 KB péré, wà lára prọ́sẹ́sọ̀ gan-an, wọ́n jọ ń sáré ni. Ti Pentium II ẹgbẹ́ rẹ̀ tóbi jù ú lọ, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ló jókòó sí, ìdajì eré ló sì ń sá.

Bọ́ọ̀dù mi, tí 440BX ti Intel ń darí, lè lu 100, àmọ́ kò fún mi láyè láti yàn án; ohun tí prọ́sẹ́sọ̀ bá ní kó lu ló ń lu. Eyín kan tí wọ́n ń pè ní B21, láàárín àwọn eyín aláwọ̀ wúrà ìsàlẹ̀ káàdì prọ́sẹ́sọ̀ náà, ló ń jíṣẹ́ yẹn. Bo eyín yẹn lójú, bọ́ọ̀dù á gbà pé 100 ni. Mo bá jí kútẹ́ẹ̀sì ìyàwó mi, pupa fòò (kò mọ̀ títí dòní, àfi tó bá ka ìwé ìròyìn yín). Ó kọ́kọ́ ṣàn dé ara eyín kejì, mo fi abẹ́rẹ́ ha á kúrò. Nígbà tó gbẹ tí mo tan ẹ̀rọ, 450 ló kọ sójú. Mẹ́mórì mi ni kò bá a mu, ti 66 ni, ó ń gan láàárín iṣẹ́. Ìgbà tí mo ra PC100, mẹ́mórì tó lè bá ìlù 100 mu, ni ọkàn mi tó balẹ̀.

Ẹni tó ní eléyìí léwu kò kúkú parọ́ tán. Lọ́dún 1997, mo ra 486 DX4-100, prọ́sẹ́sọ̀ ayé àtijọ́ kan, ní Dùgbẹ̀ láti fi rọ́pò DX2-66 mi. Ẹni tó tà á ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ kàn kì í bọ̀ ọ́ ni." Ihò kan náà ni wọ́n ń wọ̀ lóòótọ́, àmọ́ fóltì 3.3 ni DX4 ń jẹ, fóltì 5 ni bọ́ọ̀dù àtijọ́ tèmi sì ń bù fún un. Kò pé wákàtí kan tí òórùn náà fi gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Owó oṣù méjì lọ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ìlù ni kí ọmọ náà fọwọ́ kàn, kó fi fóltì sílẹ̀. Bí ẹ bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún fóltì, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ni ooru fi ń lé sí i. N'Ìbàdàn ńbí, ẹ̀rọ tó ṣe wẹ́rẹ́ lóṣù Kejìlá lè máa kú fin-ín fin-ín lóṣù Kẹta. Páàsìtì funfun abẹ́ heatsink, irin tó ń fa ooru kúrò lára prọ́sẹ́sọ̀, á ti gbẹ bí ẹ̀kọ àná, kó ha á dànù kó fi tuntun sí i. Kó gbọn eruku ọyẹ́ kúrò lára fáànù. Kó wo orí àwọn kàpásítọ̀ (àwọn agolo kéékèèké orí bọ́ọ̀dù), èyí tó bá wú, kó pààrọ̀ rẹ̀. Kó má sì tan án lórí iná àbọ̀ láìsí sitábíláísà.

Kó tó ra kútẹ́ẹ̀sì rárá, kó wo nọ́ńbà tó wà lára káàdì bàbá rẹ̀. Tó bá jẹ́ 350 sókè, 100 ni wọ́n ti ń lu fún un, kó kàn fi mẹ́mórì kún un. Tó bá jẹ́ 233 àkọ́kọ́ tó ń jẹ fóltì 2.8, ìyẹn gbóná bí ààrò láìfi kún un, èmi ò ní dán an wò. Kó kọ ohun tó bá rí níbẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, màá fèsì.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Onítáìpù,
Agbowó, Ìbàdàn.